Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́: ṣé ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́ ni, àbí àwa òbí?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 16, SS2 ló wà. Ó ti tó ọdún kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Á ní òun ń lọ sí lẹ́sìn, kò ní débẹ̀. Mo rí fóònù kejì lábẹ́ pílò rẹ̀, ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni. Àwọn kan wà ládùúgbò wa tí wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ àmọ́ tí wọ́n ń wa mọ́tò ńlá, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń wà. Èkó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé. Nígbà tó gbọ́, ó fi bẹ́líìtì nà án gan-an. Látìgbà náà, ‘ẹ káàárọ̀ mà’ àti ‘ẹ kú alẹ́ mà’ nìkan ló kù láàárín èmi àti ọmọ. Àwọn kan ní kí n gbé e lọ bá àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe n’Ílọrin. WAEC ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, a sì ti sanwó síbi tí wọ́n á ti ràn án lọ́wọ́, torí ilé ìwé rẹ̀ ò gba gbẹ̀rẹ́. Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ yìí ló bà á jẹ́ ni, àbí ọwọ́ ayé ni, àbí àwa ni? Ṣé kí n gba fóònù yẹn?”

Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ, ẹ sì kú ìdààmú ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ìgbà kẹta ni mo tó rí i pé gbólóhùn tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ẹ sọ kọjá bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Màá padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ayé ni ká kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà fún un, èmi náà ń gbà á fún tèmi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, mi ò rí ẹyọ kan tó nílò àjẹ́ tàbí oṣó kó tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tó ń fi nǹkan pa mọ́, tó ń fẹ́ kí àwọn tó jù ú lọ díẹ̀ ka òun kún, tó sì panu mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n nà án: ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe olùdámọ̀ràn nílé ìwé girama, bí ẹ bá ní kí n ka irú rẹ̀ tó ti jókòó síwájú mi, ilẹ̀ á ṣú bá wa.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ ńkọ́? Wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí àwa òbí ṣe máa ń sọ ọ́, pé ọmọ dáadáa ni tèmi, ọmọ ẹlòmíì ló kó èèràn ràn án. (Ìyá ọmọ kejì náà ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa tiyín lọ́wọ́ báyìí.) Ìwádìí kan wà tí Margo Gardner àti Laurence Steinberg ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2005. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 jọ, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ 18 sí 22, wọ́n sì kó àwọn tó ti pé 24 sókè. Géèmù mọ́tò wíwà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí wọ́n ta: iná ojú títì á yí sí yẹ́lò, o lè dúró, o sì lè máa sáré lọ kí máàkì rẹ pọ̀ sí i, àmọ́ bí o bá pẹ́ jù, o ti forí sọ ògiri nìyẹn. Nígbà tí oníkálukú ń dá a ta, ìyàtọ̀ àárín ọmọdé àti àgbà ò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ jókòó tì wọ́n, àwọn ọmọ 13 sí 16 bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí orí ń ta. Àwọn àgbà ò yí padà.

Ìdí nìyẹn tí ìwàásù yín ò fi wọlé. Ọmọ yín mọ̀ pé EFCC ń kó àwọn ọmọ Yahoo, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ó ti wo fídíò rẹ̀ lórí TikTok. Nínú pálọ̀ yín, pẹ̀lú yín, ó gbà tọkàntọkàn pé kò dáa. Pálọ̀ yín kọ́ ni ewu wà.

Ìwádìí míì tó tẹ̀ lé e ló wù mí jù. Lọ́dún 2016, Steinberg àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin ọdún 18 sí 22 jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n rí ìwà ewu tí wọ́n retí. Nínú àwọn ẹgbẹ́ míì, wọ́n fi ẹni tó wà láàárín ọdún 25 sí 30 dípò ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin. Kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni, kò mú ẹgba dání, kò ṣe ju pé ó fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ara wọn balẹ̀, ìpinnu wọn sì wá dà bí ìgbà tí oníkálukú wọn dá wà.

Nígbà tí mo kà á, agboolé wa l’Ábẹ́òkúta ló wá sí mi lọ́kàn. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀run rere ni ibẹ̀. Wọ́n ń lu ọmọ bí ẹni ń lu bàrà, àṣírí ò sì sí. Ṣùgbọ́n láàárín bàbá àti ọmọ, èèyàn pọ̀: bùọ̀dá tó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà, àǹtí tó ń ṣe tíṣà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀ọ̀mù. Ohun tí o ò tó bi bàbá rẹ, bùọ̀dá lo máa bi, òun náà á sì sọ fún ọ pé “má dán an wò, èmi ti dán an wò rí.” Ní fúláàtì oníyàrá méjì tí a ti géètì rẹ̀ pa, bùọ̀dá dà?

Ẹ wá wo àwọn tí ẹ ní wọ́n ń wa mọ́tò ńlá yẹn dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọn ò ju ẹni ọdún 22 sí 25 lọ. Wọ́n ń dá ọmọ yín lóhùn tó bá kí wọn. Wọ́n ń rán an níṣẹ́, wọ́n ń fún un ní ṣéńjì, wọ́n ń fi orúkọ ìnagijẹ pè é. Wọn ò jí ọmọ yín gbé o. Àga bùọ̀dá ló ṣófo, wọ́n sì jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ wá bi mí bóyá ẹ̀yin náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọmọ náà. Ní Sweden, Håkan Stattin àti Margaret Kerr béèrè ìbéèrè kan tó dà bí ìbéèrè òpè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 àti òbí wọn: òbí tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀? Kó tó dìgbà yẹn, èrò àwọn onímọ̀ ni pé òbí tó ń ṣọ́ ọmọ lójú méjèèjì ló ń mọ̀. Èsì tí àwọn méjì yìí gbé jáde lọ́dún 2000 yàtọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òbí mọ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìṣọ́ àti òfin ilé ò mú nǹkan tó bẹ́ẹ̀ wálé.

Fún ìdí èyí, kì í ṣe fóònù tó wà lábẹ́ pílò ló ń bà mí lẹ́rù. Pé ẹ ní láti gbé pílò sókè kí ẹ tó mọ̀ ni.

Ọmọ kì í sì déédé panu mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé tèmi. Ó ṣì wà ní JSS3. Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́. Ó kàn sọ ọ́: “Màámi, ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń mu kòdíìnì lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa?” Ọwọ́ yín dúró nínú ẹ̀wà. “Kòdíìnì! Ta ni? Ìwọ náà ti mu ún, àbí? Wò mí lójú! Bàbá rẹ á gbọ́ sí i. Ọ̀la ni mò ń bọ̀ níléèwé yẹn!”

Lójú yín, ẹ ń dáàbò bò ó. Ohun tí òun gbọ́ ni pé ẹni tó bá mú ìròyìn wá ni wọ́n á kọ́kọ́ dè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹnì kan na ìgò náà sí òun gan-an, ẹ̀yin kọ́ ló máa sọ fún. Bí ẹ bá ní “Háà. Kí ni wọ́n wá sọ fún ẹ?”, tí ẹ sì ń ṣa ẹ̀wà yín lọ láìgbójú sókè, ẹ̀ bá gbọ́ apá kejì. Ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ gbé e lọ sí yàrá, kí ẹ lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́ níbẹ̀.

Ti bẹ́líìtì, mi ò fẹ́ bá bàbá rẹ̀ jà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Tiyín ni pé ọ̀tún nà án lọ́jọ́ Sátidé, kó tó kan òsì, ọkọ̀ Èkó ti gbé bàbá lọ. Ọmọ tó ti tó ọkùnrin lójú ara rẹ̀ ò tún jẹ́ rántí ohun tó ṣe tí wọ́n fi nà án, ìtìjú yẹn nìkan ló ń rántí. Ohun tí mo máa bẹ bàbá rẹ̀ kí ó ṣe kò le: kí ó máa pè é láàárín ọ̀sẹ̀, kó má sí ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó bi í léèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lánàá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to ẹjọ́ sílẹ̀ de bàbá mọ́. Bí ọmọ bá ti ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì tí àyà rẹ̀ ń já, bàbá ti di ọlọ́pàá nìyẹn.

Mo ní màá padà síbì kan. Kí n tó débẹ̀, kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Ọmọ mi obìnrin ò ju bí ọdún 13 lọ nígbà yẹn. Telọ kan pè mí, mo ní “mo ti dé Ṣàpọ́n, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” irọ́ ni mo sì pa, mò ń ro ọkà lórí iná. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo pè é pé ilẹ̀ ti ń ṣú. “Mo ti wà lọ́nà mà, mo ti dé Lafẹ́ńwá.” Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́, bí mo ṣe ń fà á, bí mo ṣe ń ṣe bí ẹni tó ń mí hẹlẹ. Mo bínú, mo sì rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ ní ẹ ti sanwó síbi tí wọ́n á ti “ràn án lọ́wọ́” nínú WAEC. Ìyá wa, ẹ̀yin àti èmi mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. “Miracle centre” ni. Olùkọ́ kan á wọlé, á kọ ìdáhùn sójú pátákó, alábòójútó á yíjú sójú fèrèsé, torí owó ti kọjá lọ́wọ́ oníkálukú. Láti ọdún 1999 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó lè ránni lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀, WAEC náà sì lè fagi lé èsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òfin sílẹ̀. Nígbà tí ẹ ń ka owó yẹn, ọmọ yín wà nílé. Ó gbọ́ pé ẹ ò gbà pé òun lè yege fúnra òun. Ó gbọ́ pé ibi tó bá le, owó la fi ń la ọ̀nà ibẹ̀. Ó gbọ́ pé èrú tí àgbà bá ti fọwọ́ sí kì í ṣe èrú mọ́.

Àwọn ọmọ ìta yẹn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Tiwọn kàn ní mọ́tò nínú ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọmọ Yahoo. Kò tíì sẹ́ni tó rí i pé ó ń ṣe é. Mo ń sọ pé bí ẹ bá jókòó tì í lọ́la láti bá a sọ̀rọ̀ nípa irọ́ lẹ́sìn àti fóònù abẹ́ pílò, ojú wo ló máa fi wò yín? Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sọ ọ́ síta, ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́. Inú ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó gbé àpò ìrẹsì wọlé tí ẹ ò mọ orísun owó rẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má sì ṣàdúrà lé e lórí. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí irọ́ lóṣù kìíní, tí wọ́n sì ń ki oríkì rẹ̀ lóṣù kẹfà.

Ẹ lọ gba owó yẹn padà. Bí wọn ò bá dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ gba èyí tí wọ́n bá fún yín. Ẹ fi san lẹ́sìn ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan ò kéré fún ọmọ tó ń ṣe SS2.

Ó kan àbúrò yín n’Ílọrin. Inú mi dùn pé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955 títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú àwọn tí ilé wọn kún fún òṣì àti wàhálà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta dàgbà dáadáa. Lára ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé wọ́n ní àgbà kan ó kéré tán tó dúró tì wọ́n, kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òbí. Ìyá àgbà ni ti ẹlòmíì, ti ẹlòmíì olùkọ́. Àbúrò yín lè jókòó sórí àga bùọ̀dá yẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ẹrù rẹ̀ lọ́la tí ẹ fi sọ́kọ̀, lílé lẹ lé e, á sì mọ̀. Ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé á wá irú àwọn ọ̀rẹ́ kan náà rí n’Ílọrin kí oṣù tó parí. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ pè é: “Mo nílò ẹni tó máa bá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà họlidé.” Ọmọ tó ń fi fóònù méjì ṣeré, ẹ jẹ́ kó rí inú fóònù. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ojú tó fọ́, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tó ń pariwo sọ̀rọ̀, kó sì rí i bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń kó owó jọ ní kékeré kékeré títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó padà wálé, kó tún lọ ní họlidé tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì bá àbúrò yín ṣàdéhùn kan: ohun tí ọmọ bá sọ fún un, kó má gbé e délé yín lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ẹ tún wá ìyá ọmọ mẹ́ta ládùúgbò yín, títí kan èyí tí ẹ rò pé ọmọ rẹ̀ ló ba tiyín jẹ́. Ní Iceland lọ́dún 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 15 sí 16, 42 ló ní òun ti mutí yó láàárín oṣù kan sẹ́yìn. Nígbà tó fi di 2016, ó ti wálẹ̀ sí 5. Ìjọba náwó sí eré ìdárayá àti orin kíkọ́ fún wọn, òfin sì wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ 13 sí 16 wà níta lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ nígbà òtútù. Àmọ́ àwọn òbí náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láàárín ara wọn, kó má bàa sí ọmọ tó máa sọ pé “màmá tàwọn lágbájá gbà fún wọn.” Ẹ̀yin ò nílò ìwé. Ẹ kàn jọ fẹnu kò lórí agogo tí oníkálukú á ti wà nílé.

Tí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síta, tí oorun tàbí oúnjẹ rẹ̀ dà rú pátápátá, tí ẹ rí oògùn lápò rẹ̀, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà mọ́, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Arò dẹ́rù bà yín. Àwọn tó ń rìn wọlé fúnra wọn, tí wọ́n rìn jáde padà sẹ́nu iṣẹ́, pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ó ku fóònù. Ẹ má gbà á. Ẹ pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọjà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, kí ẹ jọ máa ká aṣọ. Ọ̀rọ̀ owó WAEC ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: pé ẹ ti lọ gbà á padà, pé ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ṣe àṣìṣe. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má fi òwe bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ní: “Fóònù tí mo rí yẹn, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ni ín ni.” Ó lè tún sọ pé ti ọ̀rẹ́ òun ni. Ẹ ní “ó dáa, bí o bá rántí nǹkan míì, mo wà níbí,” kí ẹ máa ká aṣọ yín lọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí oorun ti ń gbé yín lọ, ló máa wá kan ilẹ̀kùn yàrá yín. Ẹ dìde jókòó.